Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: èèyàn mẹ́rin ló ń kọ nǹkan sínú Excel ẹgbẹ́ wa, fáìlì kan ti di púpọ̀

Akọ̀wé_Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ Excel ló gbé mi wá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa ní ìwé ìṣirò kan tí akápò àná ṣe. Abala kan wà fún owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù wa, ọ̀kan wà fún ẹ̀yáwó àti èlé, ọ̀kan wà tó ń pín èrè ọdún fún oníkálùkù bí owó rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó. Èèyàn mẹ́rin ló ń fọwọ́ kàn án: èmi ní Òṣogbo, akápò ní Ìbàdàn, ọ́dítọ̀ wa ní Èkó, àti alága tó kàn fẹ́ máa wo àpapọ̀ owó lórí fóònù rẹ̀.

WhatsApp la fi ń gbé e kiri tẹ́lẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: "ẹ̀yáwó tuntun", "ẹ̀yáwó tuntun gan-an", "èyí ni kẹ́ ẹ lò". Akápò wá ní ká gbé e sórí Google Drive. A gbé e síbẹ̀. Ọ́dítọ̀ fi app Drive sórí lápútọ́ọ̀pù rẹ̀, òun àti akápò ṣí fáìlì náà nínú Excel nígbà kan náà. Ìgbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, fáìlì méjì la bá níbẹ̀, iye inú wọn ò sì bára mu.

Ibo ló yẹ ká tọ́jú nǹkan yìí sí? Báwo la ṣe lè jọ máa kọ ọ́ tí ẹnì kan ò ní pa iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ́? Owó ọlọ́wọ́ ló wà níbẹ̀ o. Ẹ má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ iná àti dátà nínú ìdáhùn yín.

OníFọ́múlà

Ẹ kú iṣẹ́, akọ̀wé. Kí fáìlì wà lórí Drive yàtọ̀ sí kí ẹ jọ máa kọ ọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà yín ti bẹ̀rẹ̀.

App Drive orí lápútọ́ọ̀pù yẹn, ẹ̀dà ló ń gbé fún Excel. Excel ọ́dítọ̀ ń kọ sínú ẹ̀dà tirẹ̀, ti akápò ń kọ sínú tirẹ̀, ìkejì ò mọ ohun tí ìkíní ń ṣe. Tí wọ́n bá wá séèfù, ẹ̀dà méjèèjì á jọ gba òkè lọ. Nígbà tí Drive ò mọ èyí tí ì bá gbà, á fi méjèèjì sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dropbox, òun tilẹ̀ máa ń kọ "conflicted copy" sára orúkọ ìkejì. OneDrive, ibi ìpamọ́ ti Microsoft, a máa lẹ orúkọ kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú fódà, ẹ má ì pa á rẹ́. Iṣẹ́ ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tí kò sí níbòmíì.

Ọ̀nà méjì ló wà tí ẹ fi lè jọ kọ ọ́ lóòótọ́. Tó bá jẹ́ pé inú Excel lẹ fẹ́ wà, orí OneDrive tàbí SharePoint (ibi ìpamọ́ Microsoft fún àwọn ilé iṣẹ́) ni kí fáìlì máa gbé, kí ìkángun orúkọ rẹ̀ jẹ́ .xlsx, .xlsm tàbí .xlsb, kí Excel tó wà lórí kọ̀ǹpútà jẹ́ ti Microsoft 365 tí wọ́n ń san owó rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tan AutoSave (tó ń séèfù fúnra rẹ̀) tó wà lókè lọ́wọ́ òsì. Ẹni tí kò bá sanwó lè ṣí i nínú Chrome, Excel orí wẹ́ẹ̀bù ò gba kọ́bọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ṣì ń lo Excel 2010 tàbí 2013. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣí fáìlì, àwọn tó kù á rí i pé ó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, kíkà nìkan ni wọ́n á lè kà á.

Ọ̀nà kejì ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ di Google Sheets pátápátá. Èyí tẹ́ ẹ ṣe yẹn, kí Excel máa gbé lórí Google Drive kí ẹni méjì sì jọ ṣí i látorí lápútọ́ọ̀pù, òun ló máa ń dá ẹjọ́ sílẹ̀ jù.

ÌyáOníṣíìtì

Ní tèmi, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Google Sheets. Kò gbowó, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù alága, kò sì sí pé ẹnì kan ń lo Excel ọdún yìí, ẹnì kejì ń lo ti ayé ọba Adé.

Àyè GB 15 ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, OneDrive ń fúnni ní 5, Dropbox ń fúnni ní 2. Kì í ṣe àyè ni ìṣòro yín ṣá. Ṣíìtì Google kan gba sẹ́ẹ̀lì (àpótí kéékèèké tí à ń kọ nǹkan sí) mílíọ̀nù 10. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ yín jẹ́ 500, tẹ́ ẹ sì ń kọ òpó 20 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, sẹ́ẹ̀lì 120,000 ni lọ́dún. Ẹ ti fẹ̀yìn tì kó tó kún.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ ṣí .xlsx yẹn nínú Sheets, ẹ lọ sí File, ẹ tẹ Save as Google Sheets. Fáìlì tuntun á jáde. Ẹ wá fetí sílẹ̀ dáadáa: .xlsx àtijọ́ ò kúrò níbẹ̀ o! Àwọn méjèèjì á jọ jókòó sínú fódà kan náà, orúkọ kan náà, àmì iwájú wọn nìkan ló yàtọ̀ díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan á tún lọ kọ sínú ti àtijọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbé e lọ sínú fódà mìíràn, kẹ́ ẹ kọ "ÀTIJỌ́, Ẹ MÁ KỌ NǸKAN SÍ I" sí i lára. Macro (ètò kékeré tó ń dá iṣẹ́ ṣe nínú Excel) tí akápò àná bá sì ti ṣe sínú rẹ̀ ò ní tẹ̀ lé e dé Sheets, ẹ yẹ ìyẹn wò kẹ́ ẹ tó kó lọ.

Tó bá kan ká pín in, ẹ má fọwọ́ kan "Anyone with the link" rárá. Orúkọ èèyàn, nọ́ńbà báǹkì, iye owó oṣù, gbèsè tí oníkálùkù jẹ: tí líǹkì yẹn bá fi lè bọ́ sórí WhatsApp ẹbí kan, ó tán. Òfin Nigeria Data Protection Act ti wà láti 2023, ẹgbẹ́ tó ń kó irú nǹkan báyìí jọ ò lè ní òun ò gbọ́. Ímeèlì oníkálùkù ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Akápò àti ẹ̀yin, Editor (ẹni tó lè kọ). Alága, Viewer (ẹni tó ń wò nìkan). Ọ́dítọ̀, Commenter (ẹni tó lè wò kó sì fi ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀). Kí ni ọ́dítọ̀ ń kọ sínú ìwé tó wá yẹ̀ wò?

Aṣírò_Sùúrùlérè

Àǹtí, iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yín gún mi díẹ̀ 😄 àmọ́ òótọ́ ni. Commenter tó mi. Ohun tí mo máa bẹ àwọn ẹgbẹ́ ni pé kí wọ́n má lọ dí ọ̀nà dáńlóòdù mọ́ wa nínú settings. Mo fẹ́ gbé e sórí Excel mi kí n tú u wò. PDF ò wúlò fún mi, torí iye nìkan ló máa ń hàn nínú rẹ̀. Fọ́múlà ni mo fẹ́ rí.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà. Ní 2010 wọ́n kọ̀wé lórí gbèsè orílẹ̀-èdè, àwọn ìjọba sì ń tọ́ka sí i. Ọdún 2013 ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ní University of Massachusetts Amherst, Thomas Herndon, gba Excel náà lọ́wọ́ wọn, ó sì rí i pé fọ́múlà tó ń ṣírò ìpíndọ́gba ò kó orílẹ̀-èdè márùn-ún mọ́ra: Australia, Austria, Belgium, Canada àti Denmark. Fáìlì gan-an ló gbà tó fi rí i. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ò lè fi irú èyí hàn án.

ỌmọÌjẹ̀bú_Peckham

Ẹ kú àsìkò yìí. Gbogbo yín ń sọ ibi tẹ́ ẹ máa tọ́jú ẹ sí, ẹnikẹ́ni ò tíì bi í léèrè bí inú fáìlì fúnra rẹ̀ ṣe rí. Ìwé ìṣirò tí ẹnì kan ṣoṣo ń lò lè rí bákan ṣá, torí ó mọ ibi tó fi gbogbo nǹkan sí. Tó bá di ti èèyàn mẹ́rin, ó yẹ kó yé ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀yáwó kan. ₦300,000, oṣù 12, èlé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù lórí gbèsè tó bá ṣẹ́ kù. ₦25,000 á máa dín lára gbèsè lóṣooṣù. Èlé oṣù kìíní jẹ́ ₦3,000. Ti oṣù kejì, ₦2,750, torí gbèsè ti di ₦275,000. Bẹ́ẹ̀ lá máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé ₦250 lóṣù ìkẹyìn. Àpapọ̀ èlé, ₦19,500.

Ẹnì kan wá wà lẹ́nu iṣẹ́ tó fẹ́ yára. Ó tẹ 3000 lé fọ́múlà lórí, ó fà á wálẹ̀ dé oṣù kejìlá. Tẹ́ ẹ bá wo ṣíìtì yẹn, ẹ ò ní rí àléébù kankan: náírà ni, ó tò gbọọrọ, kò sí ibi tó pupa. Àmọ́ èlé ẹni yẹn ti di ₦36,000. Wọ́n ti fi ₦16,500 lé e láìmọ̀, àpapọ̀ èrè tí ẹ máa pín lópin ọdún náà ti wú.

Ohun tí mo máa ń ṣe sí i nìyí. Gbogbo iye tí ìpàdé ẹgbẹ́ lè yí padà, bí iye èlé, owó ìtanràn, ìlọ́po owó ìpamọ́ tí èèyàn lè yá, mo máa ń kó wọn sí abala kan ṣoṣo. Ẹ lè pè é ní Ilana (ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ abala, ó máa ń ṣòro láti tẹ̀ nínú fọ́múlà). Fọ́múlà èlé á wá di =B7*Ilana!$B$2. Lọ́jọ́ tí ìpàdé bá yí èlé padà, sẹ́ẹ̀lì kan lẹ máa tún kọ, ẹ ò ní máa wá a kiri inú igba ìlà. Èyí tí èèyàn ń fọwọ́ tẹ̀, mo máa ń fi àwọ̀ búlúù kọ ọ́. Èyí tó jẹ́ fọ́múlà, dúdú. Àṣà àwọn onísirò owó ni, ọ́dítọ̀ yín á mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ti fọ́múlà pa. Nínú Sheets, Data, Protect sheets and ranges, kẹ́ ẹ yan ẹni tó lè yí i. Nínú Excel, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ti wà ní títì látilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tú ti búlúù sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sí Review, Protect Sheet, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ akápò gan-an ò ní lè kọ nǹkan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ẹnì kan ti tẹ nọ́ńbà lé fọ́múlà lórí, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú àmì kékeré tó wà lábẹ́ Esc. Gbogbo fọ́múlà á hàn síta, nọ́ńbà gbẹrẹfu tó wà láàárín wọn á sì fara hàn kedere.

Akọ̀wé_Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n Peckham, ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan: tá a bá rí nọ́ńbà gbẹrẹfu yẹn, ṣé a lè mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́? Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà o, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

OníFọ́múlà

"Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà" 😂 a gbọ́.

Nínú Google Sheets, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí sẹ́ẹ̀lì náà, ẹ yan Show edit history. Á sọ orúkọ ẹni tó yí i, ìgbà tó yí i, àti ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú Excel tó wà lórí OneDrive, Review, Show Changes, ọjọ́ 60 sẹ́yìn ló ń tọ́jú. Ìdí nìyẹn tí oníkálùkù fi gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú ímeèlì tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jọ ń lo àkáǹtì kan, orúkọ kan náà ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ máa ń jẹ́.

Ẹ tún lo Version history (àkójọ àwọn ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá fáìlì). Nígbà tẹ́ ẹ bá ti pa oṣù dé, ẹ fún un lórúkọ: "Òpin oṣù kẹta, akápò ti fọwọ́ sí i". Ṣùgbọ́n ẹ má máa sáré tẹ Restore. Iṣẹ́ gbogbo yín ni Restore ń dá padà sẹ́yìn, títí kan ti ẹni tí kò ṣẹ nǹkan. Ẹ ṣe ẹ̀dà ti àtẹ̀yìnwá yẹn, kẹ́ ẹ mú iye tẹ́ ẹ nílò nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ. Tó bá sì jẹ́ .xlsx lásán lẹ fi sílẹ̀ lórí Drive, ẹ mọ̀ pé àwọn ẹ̀dà àtijọ́ lè pòórá lẹ́yìn ọjọ́ 30 tàbí tí wọ́n bá ti lé ní 100, àfi tẹ́ ẹ bá tẹ Keep forever.

Olùkọ́_Ìṣirò

Ẹ yẹ ìkángun orúkọ fáìlì wò. Tó bá jẹ́ .xls láìsí x lẹ́yìn, ẹ yí i padà lónìí. Excel ò gbà kí èèyàn púpọ̀ jọ kọ irú rẹ̀, ìlà 65,536 péré ló sì mọ; .xlsx gba 1,048,576. Oṣù kẹwàá 2020 ni Public Health England (àjọ ìlera ìjọba ní England nígbà náà) rí i pé èèyàn 15,841 tó ní Covid ò sí nínú iye tí wọ́n ń kéde, torí .xls tí wọ́n fi ń kó èsì jọ ti kún, èyí tó kù ò sì wọlé.

ṢadéLóríFóònù

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nì kan bá mi sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n yé lo filter (ohun tó ń fi àwọn ìlà kan pamọ́) gbogbogbòò! Mo ń kọ owó lọ́wọ́, ẹnì kan níbòmíì fi filter sí orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, gbogbo ìlà mi bá pòórá lójú mi. Filter views wà nínú Sheets, Sheet View wà nínú Excel, ìwọ nìkan lo máa rí tìẹ. Ẹni tó bá sì fẹ́ to orúkọ ní A dé Z, kó mú gbogbo òpó pọ̀. Tó bá mú òpó orúkọ nìkan, gbèsè Àdìsá á bọ́ sọ́rùn Àdùnní.

Bàbá_Jẹnẹrétọ̀

Ẹ ti gbàgbé iná tí akọ̀wé dárúkọ.

Sheets ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó pàdánù íntánẹ́ẹ̀tì lẹ gbọ́dọ̀ ti tan án. Lórí kọ̀ǹpútà, Chrome tàbí Edge ni, ẹ lọ sí settings Drive, ẹ fọwọ́ sí Offline. Lórí fóònù, àmì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì, Make available offline. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gbé fáìlì náà wọlé tán kẹ́ ẹ tó pa dátà.

Ewu ibẹ̀ ni tẹ́ni méjì bá kọ nǹkan sí sẹ́ẹ̀lì kan náà nígbà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dà bí ọbẹ̀ tí ìyálé àti ìyàwó jọ ń fi iyọ̀ sí láìwo ojú ara wọn. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dé, èyí tó dé kẹ́yìn ló máa ń dúró, ti èkejì á lọ. Ẹ pín ilẹ̀ ni: akápò ló ni abala owó tó wọlé, akọ̀wé ló ni abala ẹ̀yáwó, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ kọ sí ti ẹnì kejì. Àpapọ̀ á máa fà wọ́n jọ fúnra rẹ̀ ní abala kẹta. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju pé kéèyàn mẹ́rin máa lé ara wọn kiri lórí ìlà kan lọ, kódà níbi tí iná bá wà.

Akápò_Tẹ́lẹ̀rí

Ẹ jẹ́ kí n béèrè: àkáǹtì ta ni fáìlì yẹn wà lórí rẹ̀?

Ẹnikẹ́ni ò dáhùn, mo sì mọ ìdí. Orí Gmail akápò ni. Tí akápò bá parí sáà rẹ̀, tó bínú, tàbí tí fóònù rẹ̀ sọnù, ó di ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ni fáìlì lè jù ú nù nígbàkúgbà, ọjọ́ 30 ló sì máa lò nínú Trash kó tó lọ. Láti oṣù kejìlá 2023 ni Google sì ti ń pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ fún ọdún méjì rẹ́, tòun ti ohun inú rẹ̀.

Ẹ ṣí àkáǹtì kan lórúkọ ẹgbẹ́, kó jẹ́ òun ló ni fódà, kẹ́ ẹ wá fún oníkálùkù láàyè láti ibẹ̀. Ẹ má fi í ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Google máa ń fúnni ní kóòdù ìrànwọ́ mẹ́wàá tí èèyàn lè fi wọlé tí fóònù bá sọnù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ fi sínú àpòòwé, kó wà lọ́wọ́ alága. Níparí oṣù, ẹ dáńlóòdù .xlsx kan sórí flash, kẹ́ ẹ kọ oṣù àti ọdún sí i. Ìyẹn ò wà fún kíkọ, ó wà fún ọjọ́ tí ohun gbogbo bá dàrú.

Akọ̀wé_Òṣogbo

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti pe akápò, a ti gbà láti kó lọ sí Sheets lórí àkáǹtì ẹgbẹ́, a máa pín abala bí Bàbá ṣe wí. Ó ku ẹyọ kan. Alága fẹ́ rí àpapọ̀ ní gbogbo ìgbà, àmọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò fẹ́ kó máa rí gbèsè oníkálùkù. Tí mo bá fi abala ẹ̀yáwó pamọ́ pẹ̀lú Hide, ṣé ó tó?

ỌmọÌjẹ̀bú_Peckham

Kò tó. Viewer tó bá ṣe Make a copy lè tú ohun tẹ́ ẹ fi pamọ́ síta nínú ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ ṣe fáìlì mìíràn fún alága, kẹ́ ẹ fi IMPORTRANGE (fọ́múlà tó ń fa iye wá láti inú fáìlì mìíràn) fa àpapọ̀ nìkan wọ inú rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ á kọ #REF!, ẹ gbé kọ́sọ̀ lé e, ẹ tẹ Allow access; ẹni tó láṣẹ lórí fáìlì méjèèjì ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Kí alága sì jẹ́ Viewer níbẹ̀ náà o, torí tí ọ̀nà yẹn bá ti ṣí, ẹni tó bá jẹ́ Editor nínú fáìlì tuntun lè fi IMPORTRANGE mìíràn fa abala ẹ̀yáwó wá fúnra rẹ̀.